Ìbéèrè Yín: Àwòrán Dúdú Kan Láti Rọ́ṣíà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, kí ló dé tí wọ́n fi ń gbóríyìn fún àwòrán igun mẹ́rin dúdú lásán tí Kazimir Malevich yà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ bi wá. Ibi tí ó gbé e kọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Nígbà ìpàtẹ kan tí wọ́n ṣe ní Petrograd (ìlú tí à ń pè ní St. Petersburg lónìí) ní oṣù Kejìlá ọdún 1915, ó gbé e sí òkè igun yàrá, níbi tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Rọ́ṣíà máa ń gbé àwòrán mímọ́ sí nínú ilé wọn, èyí tó fi hàn pé kò fi iṣẹ́ náà ṣeré rárá. Malevich gbà pé àwọ̀ àti ìrísí tó láti dá dúró fúnra wọn, láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣàfarawé ènìyàn tàbí igi. Nínú ìpàtẹ kan náà, oníṣẹ́ ọnà mìíràn, Vladimir Tatlin, fi irin àti igi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Kì í ṣe òjijì ni irú iṣẹ́ ọnà tuntun yìí bẹ̀rẹ̀. Sergei Shchukin, oníṣòwò aṣọ ní Moscow, ti ra ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Matisse àti Picasso, àwọn ayàwòrán ìgbàlódé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sì ń lọ wò wọ́n nílé rẹ̀.

Ó dùn wá pé ní ọdún 1932, ìjọba Stalin, olórí Soviet, tú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ká, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn pamọ́. George Costakis, ẹni tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, ló wá ọ̀pọ̀ nínú wọn rí. Nígbà tó kúrò ní Moscow ní ọdún 1977, ó fi púpọ̀ sílẹ̀ fún ilé ìṣọnà Tretyakov.