Ẹ Bi Awọnlẹ̀: Ṣé rélùwéè ló kàn fún Ìbàdàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Awọnlẹ̀. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági Tuntun, Àkọ́bọ̀ ni mo sì ń gbé. Lójoojúmọ́, kẹ̀kẹ́ ni mo ń wọ̀ jáde sí títì, màá wọ Micra dé Ìwó Road, màá tún wọ òmíràn kí n tó dé ọjà. Tí òjò bá fi lè rọ̀, a lè dúró fún ìdajì wákàtí ká má rí ọkọ̀. Mo lọ kí àbúrò mi l'Ékòó, ó mú mi wọ rélùwéè láti Mile 2 dé Màrínà, ẹnu yà mí. Ìgbà wo ni tiwa ń bọ̀ ní Ìbàdàn? Àbí bọ́ọ̀sì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa? Micra ni bàbá àwọn ọmọ mi ń wà, ó ní ọjọ́ tí rélùwéè bá dé ni oúnjẹ tán lẹ́nu òun. — Ìyá Aláṣọ, Àkọ́bọ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ìrìn àjò yín sílẹ̀ bí a ṣe máa ń kọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́: ìdúró, kẹ̀kẹ́, ìdúró, Micra, ìdúró, Micra. Ọkọ̀ 3, ìdúró 3, kí ẹ tó ṣí ìsọ̀. Ẹ bi mí nípa rélùwéè, ṣùgbọ́n ìdúró ló ń jẹ yín níyà jù, òun ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú títì Èkó ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n jókòó sórí àpótí ní Ojúẹlẹ́gba láti aago 6 ìdájí, kí n máa ka ọkọ̀. Mo pín bébà orí itan mi sí òpó mẹ́rin: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, dánfó, mólúè, tírélà. Bí ọ̀kan bá ti kọjá, mo fa ìlà. Bí ìlà bá pé mẹ́rin, mo fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Kó tó di aago 8, òpó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kún, mo ti ń kọ ọ́ sẹ́yìn bébà. Ti mólúè kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi tayọ̀tayọ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Orí èèyàn dà níbẹ̀?" Ó ní kí n padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí n ka orí.

Ọjọ́ kejì yẹn ni ojú mi là. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 10 tò tẹ̀lé ara wọn, orí 13 ló wà nínú gbogbo wọn. Mólúè kan wà lẹ́yìn wọn, kò gbà ju àyè ọkọ̀ mẹ́ta lọ, mo ka orí tó lé ní 70, n kò ka àwọn tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn 70 yẹn ń làágùn, wọ́n ń dúró de àwọn 13. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún mi pé ọ̀nà ti kún, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé kí ló kún un.

Nítorí náà, ohun tó ń mú ọkọ̀ èrò yá ni pé kó ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ẹlòmíì kò lè wọ̀. Bóyá irin ló ń tẹ̀ tàbí ọ̀dà, ìyẹn ń bẹ lẹ́yìn. Rélùwéè tí ẹ wọ̀ lọ sí Màrínà yá nítorí pé kò sí dánfó tó lè já wọ iwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ orí rélùwéè yẹn fún yín. Ní 1983, nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè jẹ́ gómìnà, ni wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní Metroline. Èbúté-Mẹ́ta ni mò ń gbé nígbà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà bí ẹni pé ọ̀la ni ọkọ̀ ń dé. Kí ọdún yẹn tó tán, ológun ti gbàjọba. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari wọ́gi lé e. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni èrò tó wọ Blue Line, èyí tí ẹ wọ̀ lọ sí Màrínà yẹn. 40 ọdún gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìpìlẹ̀ yẹn ti lè ní ọmọ ní yunifásítì. Láàárín 40 ọdún wọ̀nyẹn, ilé ń wọ inú ilé, ọjà ń bọ́ sójú títì, ibi tí à bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́ di ibi tí a ó máa san owó gbà-máà-bínú sí. Iṣẹ́ Blue Line fúnra rẹ̀ gba nǹkan bí 13 ọdún, fún kìlómítà 13 àti tẹ́ṣàn 5. Wọ́n ṣì ń kọ́ apá tó ń lọ sí Òkòkomáìkò lọ́wọ́.

Ẹ wá fi BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ìlà tirẹ̀ l'Ékòó, wé e. Òfin tó dá LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò, sílẹ̀ jáde ní 2002. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2008, bọ́ọ̀sì ti ń ná Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22, lórí ìlà tí wọ́n gé sọ́tọ̀ lára ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 2015 ó dé Ìkòròdú. N kò sọ pé ó pé o. Mo ti tò ní Mile 12 títí oòrùn fi ràn mí lágbárí, mo sì ti rí ọkọ̀ àwọn ẹni ńlá nínú ìlà bọ́ọ̀sì, tí fèrè ń dún níwájú wọn. Ọjọ́ tí ìlà yẹn bá di ti gbogbo ayé, bọ́ọ̀sì náà di mólúè.

Fún Ìbàdàn, bọ́ọ̀sì tó ní ìlà tirẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ ṣe, mo sì mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè kì í ṣe àlejò níbẹ̀, 1901 ló ti dé, tẹ́ṣàn àtijọ́ sì wà ní Dùgbẹ̀, láàárín ìlú. Tuntun tó ń ti Èkó bọ̀, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní 2021, Mọ́níyà ló ń já èrò sí. Mo bá a wá kí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àdó. Láti Èkó dé Mọ́níyà, mo jókòó bí ọba, mo tilẹ̀ sùn díẹ̀. Bí a ṣe jáde sí ìta báyìí, àwọn awakọ̀ ti ń fa báàgì mọ́ wa lọ́wọ́: "Ọ̀jọ́ọ̀! Ọ̀jọ́ọ̀! Ó ku ẹyọ kan!" Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ, iye tí wọ́n dá lé e sí Mọ́kọ́lá kò jìnnà sí iye tó fi wọ rélùwéè ọ̀hún. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í. Mo bá a dúró títí a fi rí ẹni tó gbà láti gbé àwa méjèèjì. Kí ló sọ rélùwéè olówó gọbọi di ìdajì rélùwéè? Kìlómítà díẹ̀ tó kẹ́yìn ni.

Nítorí náà, Mọ́níyà, Ọ̀jọ́ọ̀, UI, Sángò, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀: ìlà bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó so tẹ́ṣàn tuntun mọ́ àárín ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀jọ́ọ̀ sí Ìwó Road, èyí tí yóò kàn yín. Bọ́ọ̀sì kan ní ìṣẹ́jú 10, ojoojúmọ́, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìṣẹ́jú 10 ni òun máa dúró kì í dàbí ẹni tí kò mọ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n pa ilẹ̀ rélùwéè mọ́ láti ìsinsìnyí. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé àdúgbò. Ìlú ń fẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn Àkọ́bọ̀, oko ṣì wà níwájú. Kí ìjọba fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n ri òkúta ààlà, kí wọ́n sọ fáwọn ọmọ onílẹ̀ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Mo ti ri òkúta bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara mi rí, tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo bá a nínú yàrá ẹlòmíì, tí wọ́n gbé ìkòkò omi lé e. Onílé yẹn kò jalè, wọ́n tà á fún un ni. Ọjọ́ tí wọ́n wá wó ilé náà, n kò lè wò ó lójú.

Àwọn ìlú mìíràn ti jìyà tó yẹ ká fi kọ́gbọ́n. Addis Ababa ṣí rélùwéè tirẹ̀ ní 2015, láàárín ọdún díẹ̀ púpọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti dúró nítorí àìsí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọn yóò fi tún un ṣe. Ti Abuja bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ó dúró ní 2020 nígbà Kòrónà, 2024 ló tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì ńlá kò lè wọ àdúgbò yín, Micra ni yóò máa kó èrò wá bá a. Ìrìn kúkúrú, àlọ àti àbọ̀ púpọ̀, epo tí kò jóná sínú gósílóò. Àmọ́ ìbẹ̀rù wọn tọ̀nà bí wọn kò bá pè wọ́n sídìí ọ̀rọ̀. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2008, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn awakọ̀ NURTW, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ èrò, fúnra wọn dá sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wa bọ́ọ̀sì náà. Kí ẹgbẹ́ wọn ní Ìwó Road béèrè irú rẹ̀ kí wọ́n tó fa ìlà àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Kí ló dé tí rélùwéè pupa tiwa kì í wá lemọ́lemọ́ bíi ti Mile 2? Mo máa ń pẹ́ dé kíláàsì. — Akẹ́kọ̀ọ́, Agbádó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, Blue Line ní ojú irin tirẹ̀, iná mànàmáná ló sì ń gbé e, láti ara irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀. Red Line tiyín, Agbádó sí Oyíngbò, kìlómítà 27, tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ní oṣù kẹwàá 2024, dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, ó sì ń bá ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn pín ojú irin kan náà. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ara wọn bíi dánfó, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró kí èkejì kọjá. Títí wọn yóò fi wá ojúùtú sí ìyẹn, da àkókò ọkọ̀ kọ ní tẹ́ṣàn, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé rẹ, kí o sì ti kó owó sórí Cowry, káàdì tí o fi ń sanwó ọkọ̀, lálẹ́. Orí ìlà káàdì ni mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí ọkọ̀ fi sílẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń lọ.