Oṣù mẹ́sàn-án ló kù kí n ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ apoògùn: báwo ni kí n ṣe pín in?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti gboyè nínú ìmọ̀ oògùn, àmọ́ mi ò tíì ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ. Mo ti wá forúkọ sílẹ̀ báyìí, ó ku oṣù mẹ́sàn-án. Yàrá oògùn ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣèrànwọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kékeré sì wà nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé láti orí kìíní, mo sì ti dé orí kẹfà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo padà wo orí kìíní, àfi bíi pé n ò kà á rí. Ṣé kí n tún un bẹ̀rẹ̀ ni? Báwo gan-an ni kí n ṣe pín oṣù mẹ́sàn-án yìí?

Ìdáhùn: Ẹ má tún un bẹ̀rẹ̀ rárá. Tí ẹ bá tún un bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ó tún dé orí kẹfà, orí kìíní á sì tún ti lọ. Ọpọlọ yín ò ní àléébù kankan. Ní ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus ará Jámánì tẹ ìwádìí tó fi ara rẹ̀ ṣe jáde, ó rí i pé ohun téèyàn bá kọ́ sórí tètè máa ń lọ, pàápàá láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ètò yín ló lábùkù: iwájú nìkan ló ń lọ, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ láti padà sẹ́yìn.

Ẹni tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré kù fún lè sáré ka ìwé kọjá lẹ́ẹ̀kan, kó sì wọlé ìdánwò nígbà tó ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ẹni tó ní oṣù mẹ́sàn-án ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, torí bí àkókò bá ṣe gùn tó ni ìgbàgbé ṣe ń ráyè tó. Nítorí náà, ẹ má fi iye ojú ìwé tí ẹ ti kà díwọ̀n ibi tí ẹ dé. Iye ohun tí ẹ lè sọ láìwo ìwé ni kí ẹ máa kà.

Kí ẹ tó ṣí orí keje, ẹ lọ wá ìwé ìlànà tí àjọ tó ń ṣe ìdánwò yín gbé jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ apá tí ìdánwò ní àti bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Ìdánwò wọ̀nyí ò rí bákan náà. NAPLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ apoògùn tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ìbéèrè 225 nínú wákàtí 6, ìyẹn ni pé ìbéèrè kan ò ní ju bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ya ìṣirò sọ́tọ̀ pátápátá: ìbéèrè 40 fún wákàtí 2, ẹni tó bá sì já níbẹ̀ ti já nìyẹn, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ní apá kejì tó. Ẹ rí i pé ẹni tó ń múra fún èyí ò lè pín ọjọ́ rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń múra fún tọ̀hún. Orí ìwé tí ẹ ń kà kọ́ ló máa pín ọjọ́ yín, ìwé ìlànà yẹn ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìdánwò àdánwò kan báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ ò tíì múra, pé ẹ fẹ́ fi àwọn ìbéèrè yẹn pa mọ́ di oṣù tó gbẹ̀yìn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó bá ń fara balẹ̀ kàwé jù lọ nìyẹn. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí, tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà kan, àwọn kan tún un kà, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó ti dán ara wọn wò ló wá ta wọ́n yọ. Tí ẹ bá ń tún ìwé kà, ojú máa ń mọ̀ ọ́n, ọkàn á sì balẹ̀, ṣùgbọ́n kí ojú mọ̀ ọ́n kọ́ ni kí ọwọ́ lè kọ ọ́. Ìbéèrè ṣíṣe kì í ṣe ohun tí a ń fi parí ìwé kíkà. Òun gan-an ni ìwé kíkà.

Ó wá kan bí ẹ ó ṣe pín oṣù náà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ tò ó fún yín, oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ ni màá fi kọ́ ohun tuntun, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ péré ni ti tuntun. Ọjọ́ méjì á wà fún àtijọ́: lọ́jọ́ kan, ẹ bi ara yín ní ohun tí ẹ kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́jọ́ kejì, èyí tí ẹ kọ́ lóṣù tó kọjá. Ìwádìí tí Cepeda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé bí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó bá ṣe jìnnà tó ni àlàfo tó dára láàárín ìgbà tí ẹ kọ́ ọ àti ìgbà tí ẹ padà sí i ṣe máa gùn tó. Nínú ètò olóṣù mẹ́sàn-án, kò sídìí láti máa padà sí ohun kan náà lójoojúmọ́. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ẹ tó padà sí i, kó ti fẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ yín díẹ̀. Á nira, ẹ ó sì rò pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ìnira yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dúró.

Ẹ má tẹ̀ lé bí ìwé ṣe to orí rẹ̀. Kíndìnrín ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹ tó lọ sí ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, torí ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó jẹ mọ́ ìwọ̀n oògùn ló máa ń kan kíndìnrín bákan ṣá. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ẹ má kọ́ ọ tán lọ́sẹ̀ kan, ó pọ̀ jù. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa mú díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín oṣù méjì.

Ìṣirò ò ní oṣù tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ni: ìbéèrè márùn-ún, kó tó di pé ẹ ṣí nǹkan mìíràn, láti òní títí di ọjọ́ ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan, kí ẹ lè rí ibi tí wọ́n ń dẹ pakúté sí. Obìnrin ẹni 60 ọdún kan wọn 60 kg, creatinine (ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.2 mg/dL, wọ́n sì kọ levofloxacin 750 mg (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) fún un lójoojúmọ́. Ṣé ìwọ̀n yẹn tọ́? Ọ̀nà Cockcroft-Gault, tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín, ní ká yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 140, ká fi ohun tó kù sọ ìwọ̀n ara di púpọ̀, ká wá fi 72 lọ́nà creatinine pín in. 80 lọ́nà 60 jẹ́ 4,800. 72 lọ́nà 1.2 jẹ́ 86.4. Tí ẹ bá pín in, ẹ ó rí 55.6 mL/min. Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ìwọ̀n náà tọ́. Àmọ́ obìnrin ni, a ṣì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.85, ó wá di 47.2. Levofloxacin 750 mg sì rèé, tí iṣẹ́ kíndìnrín bá ti wálẹ̀ ju 50 lọ, wákàtí 48 síra ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe 24. Ó dá mi lójú pé ẹni tó gbé irú ìbéèrè yìí kalẹ̀ á fi ìdáhùn tó bá 55.6 mu sáàárín àwọn tó ní kí ẹ mú nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà ìṣirò náà dáadáa lè já níbẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń ṣe é lójoojúmọ́ ni kì í gbàgbé 0.85.

Bí ẹ bá ń kọ káàdì ìrántí, ẹ má kọ orúkọ oògùn sí iwájú kí ẹ wá to ohun mẹ́wàá sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni kan ni kí ẹ kọ. “Ọkùnrin kan ń lo metformin (oògùn àtọ̀gbẹ), eGFR rẹ̀ (ìwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín) ti wálẹ̀ dé 27. Kí lẹ máa ṣe?” Ẹ̀yìn káàdì: kó dáwọ́ rẹ̀ dúró, torí tó bá ti wálẹ̀ ju 30 lọ, a kì í lò ó. “Obìnrin kan ń lo lisinopril (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru), ikọ́ gbígbẹ ò jẹ́ kó sùn.” Ẹ̀yìn: ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan tàbí ẹbí rẹ̀. Káàdì kejì rẹ̀ wá rèé: “Ètè ló wú, kì í ṣe ikọ́.” Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kò sì gbọ́dọ̀ padà sí irú oògùn yẹn mọ́ láé. Oògùn kan náà, ìdáhùn méjì tó jìnnà síra.

Ẹ ti sọ pé yàrá oògùn lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ọrọ̀ nìyẹn o. Lójoojúmọ́, ẹ mú ìwé oògùn kan ṣoṣo sọ́kàn, láìkọ orúkọ aláìsàn tàbí ohunkóhun tí a lè fi dá a mọ̀. Nígbà tí ọmọ bá sùn, ẹ bi ara yín: kí ló dé tó fi jẹ́ oògùn yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ̀n yìí, kí ni ǹ bá sọ fún aláìsàn náà? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín tí ẹ ò lè ṣí ìwé, ìyẹn nìkan ti tó fún ọjọ́ náà.

Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ìbéèrè àdàpọ̀ ni kí ó gba iwájú. Ẹ ní ìwé kan fún èyí tí ẹ bá ṣì, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi ṣì í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan ọ̀hún rárá ní láti padà lọ kà á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí kò rí “kì í ṣe” tó wà nínú ìbéèrè ò nílò ìwé kankan, kó rọra máa kàwé ni. Ẹni tó ṣi 0.1 kọ sí 1, ìṣirò ojoojúmọ́ ló máa wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ló ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á máa tún ohun tí wọ́n ti mọ̀ kà.

Oṣù tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí òfin iṣẹ́ apoògùn. Òfin kún fún iye ọjọ́ àti iye ọdún, kì í pẹ́ sá lọ lórí, ó sì lè yí padà láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ìlànà ìtọ́jú náà ń yí padà. Títí di 2020, ọ̀pọ̀ ló ń wo ìwọ̀n vancomycin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) tó kù lẹ́jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó lo òmíràn, pé kó wà láàárín 15 sí 20; ìlànà tuntun ọdún yẹn wá ní AUC (àpapọ̀ oògùn tó wà lẹ́jẹ̀ẹ́ láàárín wákàtí 24) ni kí wọ́n máa wò fún àrùn MRSA (kòkòrò tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn) tó le, láàárín 400 sí 600. Tí ìwé tí ẹ fi ń kàwé bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ, ẹ yáa wá òmíràn.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lófìfo lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á ṣàìsàn, iṣẹ́ á gùn, ẹ̀yin náà á fẹ́ sinmi. Ètò tí kò bá ní àyè fún ìyẹn, oṣù kejì ló máa ń fọ́, èèyàn á wá máa ro pé òun ọ̀lẹ ni.

Lónìí yìí, ẹ wo ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí àjọ yín gbà kí èèyàn sún ìdánwò síwájú àti iye tí wọ́n ń gbà fún un, kí ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Tí ọjọ́ yẹn bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣe ìdánwò àdánwò méjì ní wákàtí rẹ̀ pípé. Tí ẹ bá fìdí rẹmi nínú méjèèjì, ẹ sún un.