Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bàtà pointe kọ́ la fi ń mọ ilé-ẹ̀kọ́ ballet tó dára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 8, ijó ballet sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló wà nítòsí wa. Àkọ́kọ́ ní kò ní ju oṣù 6 lọ tí ọmọ náà á fi wọ bàtà pointe, èyí tí wọ́n fi ń dúró sórí ìka ẹsẹ̀. Èkejì ní ó di ìgbà tó bá tó ọmọ ọdún 11 tàbí 12, àwọn á sì kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bàbá rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ló mọṣẹ́, pé ṣe ni èkejì fẹ́ máa gbowó wa lásán. Ṣé kí n ti ra bàtà náà sílẹ̀ kó máa fi dánra wò nílé? — Ìyá Oníjó

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má ra bàtà kankan. Èkejì ni kí ẹ mú ọmọ lọ.

Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni mo sì ń tọ́jú jù. Ọ̀sẹ̀ tí ìbéèrè yín dé gan-an ni wọ́n mú ọmọ ọdún 9 kan wá. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti dúdú, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló sì fi ń tẹlẹ̀. Mo ní kó di tábìlì mú, kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kó máa sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó máa fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ọrùn ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ti ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ yìí ni wọ́n ní kó dúró sórí ìka! Mo bi í pé ṣé kì í dùn ún. Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀, ó wá ní, “Tíṣà ní ẹni tó bá ń sunkún kò fẹ́ di oníjó.”

Ohun tó ń ṣi àwọn òbí lọ́nà ni pé wọ́n rò pé bàtà yẹn ló ń gbé oníjó dúró. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé irin tàbí igi wà nínú rẹ̀. Kò sí irin, kò sí igi. Aṣọ, páálí àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀ tó fi le, wọ́n wá fi nǹkan gígan kan sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí Marie Taglioni, oníjó ballet ayé àtijọ́, fi orí ìka jó ní Paris lọ́dún 1832, bàtà sátìnì rírọ̀ ló wọ̀, tí wọ́n fi òwú rán imú rẹ̀ kó lè le díẹ̀. Iṣan ló gbé e dúró, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojúgun, dé inú àti ẹ̀yìn. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò bá tíì le tó, orí ìka rẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ máa rọ́ lé. Eegun ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 8 sì ṣì ń dàgbà. Ibi tó ti ń gùn ṣì rọ̀, kò tíì gan bíi ti àgbà. Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá tètè wọ̀ ọ́ ló máa ṣèṣe, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọmọ tirẹ̀ dán an wò?

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ o. IADMS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ijó lágbàáyé, gbani níyànjú pé kí wíwọ bàtà pointe má ṣáájú ọdún 12. Ọmọ tó ń lọ sí kíláàsì ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ara rẹ̀ sì le dáadáa, ọdún kẹrin ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, wọ́n ní kó má tilẹ̀ dáwọ́ lé e. Bí ọmọ bá na ìka ẹsẹ̀ síwájú, òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ojúgun rẹ̀ dọ́gba bí ìlà kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún 14 pàápàá gbọ́dọ̀ dúró.

Ẹnìkan á bi mí pé, Misty Copeland, oníjó ballet ará Amẹ́ríkà, ńkọ́, tó gun pointe láàárín oṣù díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ballet, lọ́dún 2015 ló sì wọ ipò oníjó àgbà nínú ẹgbẹ́ oníjó American Ballet Theatre. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 13 débẹ̀, kí ló wá ń lé yín bọ̀ ní 8?

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lọ jókòó wo kíláàsì kan. Bí wọn ò bá jẹ́ kí òbí wọlé rárá, tí wọn ò sì sọ ìdí, ọkàn mi kò ní balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀: pákó tó ń rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá fò lé e ló dára, kì í ṣe táìlì lórí kọnkéré. Ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń yí ẹsẹ̀ síta. Láti ìbàdí ló yẹ kó ti wá. Bí orúnkún bá kọjú síwájú, tí ẹsẹ̀ nìkan yà síta, tíṣà kò rí i ni, tàbí kò bìkítà. Èyí tó bá ń jókòó lé ọmọ lẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè là sílẹ̀, ẹ gba ọmọ yín, ẹ máa lọ. Oríṣiríṣi ìlànà ni wọ́n fi ń kọ́ ballet: RAD, Cecchetti, Vaganova, èyíkéyìí nínú wọn ló dára, ṣùgbọ́n ẹ bi tíṣà ibi tó ti gba ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé.

Bàtà pointe kì í ṣe bàtà tí à ń rà tóbi sílẹ̀ kí ọmọ lè dàgbà bá a. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n ló ń wọ̀n ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti ṣe tán, kò sì yẹ kí ọmọ dá wọ̀ ọ́ nílé. Mi ò tíì fojú rí ọmọ yín, nítorí náà ohun tí mo kọ yìí kò dípò àyẹ̀wò. Bó bá ti ń ráhùn ẹsẹ̀ báyìí, ẹ mú un lọ bá dókítà tàbí físíò kó tó jó síwájú.

Ẹ mú bàbá rẹ̀ dání lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kó bi wọ́n léèrè fúnra rẹ̀: ta ló ń yẹ ẹsẹ̀ ọmọ wò kó tó wọ bàtà yìí? Bí wọ́n bá ní gbogbo kíláàsì ló ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ dìde.