Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ṣé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí kọmíṣọ́nnà tẹríba kó máa lọ?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Adó-Èkìtì ló bi mí ní ìbéèrè yìí, mo ní kí n kúkú dá a lóhùn síbí kí gbogbo wa jọ kà á. Ó ní òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, rédíò ń gbé bí àwọn aṣòfin ṣe ń ṣàyẹ̀wò àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nnà, ló bá kan ọ̀gbẹ́ni kan tó ti jẹ́ ọnọrébù rí, kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo báyìí ni aṣòfin kan ti dìde, ó ní "ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé ẹni yìí ò ṣàjèjì sí wa, ẹ jẹ́ kó tẹríba kó máa lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó tán. Àbúrò mi wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyẹn, pé ẹni tá a bá ti mọ ilé ẹ̀, ká má bi í ní nǹkan kan mọ́?"

Rárá o. Ó dorí òwe yẹn kodò ni. Àmọ́ kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ rárá, màá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ ọ̀hún ná. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni (láyé àtijọ́ ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, àwọn ìbejì ló ni ọjọ́ kẹjọ, kí gbogbo ẹ̀ tó wá papọ̀ di ọjọ́ kẹjọ báyìí). Kí ló wà lára ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ téèyàn fẹ́ wò? Kò tíì jalè, kò tíì ṣoore, kò tíì bú ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi ní ilé là ń wò gan-an nìyẹn, ọmọ fúnra ẹ̀ ò tíì lóhun tá a lè rí, ilé ló máa bá a sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ń bọ Ifá nílé ọ̀hún, Fá á wà níwájú orúkọ, ilé ọba Adé, ilé olóyè Oyè, ilé ọdẹ Ọdẹ, ilé onílù Àyàn. Ẹ ṣáà wo àwọn kan tó ti ṣe gómìnà Èkìtì wa látọdún 1999: Adébáyọ̀, Fáyọ̀ṣe, Fáyẹmí, Oyèbánjí. Bó ti wù kí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ láàárín wa tó lónìí, ẹni tó bá gbọ́ Fáyẹmí ti mọ ohun tí wọ́n ń bọ nílé yẹn láyé àwọn bàbá ńlá. Ilé ọ̀hún sì kọjá ìdílé nìkan o, bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ tọ́mọ dé náà wà nínú ẹ̀, ìdí tá a fi ń jẹ́ Babátúndé nìyẹn, tá a fi ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, tá a fi ń jẹ́ Bíọ́dún.

Ọ̀rọ̀ kejì tó wà nínú òwe yẹn ni "wò". Àwọn èèyàn rò pé kéèyàn gbójú sókè kó rí òrùlé ni. "Wò" inú àyẹ̀wò ni o, "wò" téèyàn ń sọ pé òun fẹ́ lọ wo ọ̀rọ̀ kan wò. Mo lọ síbi ìkómọ kan ní Ìlawẹ̀ nígbà kan, wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fọ́mọ lórúkọ á sọ owó sínú ẹ̀ á pe orúkọ tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ sọ ₦200 sínú abọ́, ó ní "Ògúnṣolá". Bàbá tó dàgbà jù nínú ilé ọkọ bá gbójú sókè, "Ògún? Nínú ulé yìí?" (ulé la máa ń pè é lọ́dọ̀ wa, ẹ má bínú). Àgbẹ̀ oníkòkó ni wọ́n látilẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n mọ́ Ògún. Gbogbo ilé dákẹ́, ọmọ nìkan ló ń ké. Ìyá yẹn ò bínú, ó kúnlẹ̀, ó ní bàbá tó bí ìyá àwọn ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún gbogbo àdúgbò àwọn. Bàbá bi í lórúkọ ọkùnrin yẹn, ó bi í níbi tí ilé àgbẹ̀dẹ ẹ̀ wà, ó bi í pé ta ló jogún owú ẹ̀. Ìgbà tó dáhùn tán, bàbá yọ ₦500 lápò, ó sọ ọ́ lé orúkọ yẹn lórí. Wíwo ilé nìyẹn. Ẹnu ni wọ́n fi ń wò ó.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ṣe gbogbo ìyẹn fún o! Ẹni tí gómìnà wá fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́, á ti máa lọ sí 50 ọdún, ó ti ṣiṣẹ́ rí, ó ti náwó ìjọba rí, ó ti ṣèlérí, ó mú un ṣẹ tàbí kò mú un ṣẹ. Ara tiẹ̀ kún fún ohun tá a lè wò. Tí wọ́n bá fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ tí wọ́n ní ilé ẹ̀ làwọn mọ̀, wọ́n sọ àgbàlagbà dọmọ ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn. Tí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ilé tí aṣòfin yẹn ń sọ kì í ṣe ilé bàbá ọ̀gbẹ́ni yẹn, Ilé Aṣòfin tiwọn ló ń sọ, pé ó ti bá wọn jókòó níbẹ̀ rí. Òwe tó ń wá tí ò rí pa ni "ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì". Ìyẹn ìbá bá ohun tó ṣe mu rẹ́gí.

Ibi tọ́rọ̀ ẹ̀ ti lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ rèé. Òfin fúnra ẹ̀ ní ká wo ilé. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 192 ló ní gómìnà á dárúkọ kọmíṣọ́nnà kí Ilé Aṣòfin tó fọwọ́ sí i, ó sì ní kó rí i pé ó bá abala 14 mu, èyí tó ní kí wọ́n ka oríṣiríṣi èèyàn tó wà nínú ìpínlẹ̀ kún tí wọ́n bá ń kó ìjọba jọ. Ti mínísítà wà ní abala 147, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan. Nítorí náà tí orúkọ bá jáde ní Èkìtì, táwọn ará Ìkọ̀lé ń bèèrè pé ta ni tiwa níbẹ̀, tí Ìkẹ́rẹ́ ń ka tiwọn, tí Ìjerò ń ka tiwọn, ẹ má pè wọ́n ní onímọtara-ẹni-nìkan, ilé ni wọ́n ń wò, ìjọba ìbílẹ̀ 16 la sì jọ ní. Àmọ́ ìyẹn ti yẹ kó parí látọ̀dọ̀ gómìnà kí orúkọ tó kúrò lọ́fíìsì ẹ̀. Tí orúkọ bá dé iwájú àwọn 26 tó wà nílé aṣòfin wa, ó ku kí wọ́n wo èèyàn.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Nínú àṣà wa orúkọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wolé kó tó sọ ọ́, àmútọ̀runwá. Ẹni tó bá yọ ẹsẹ̀ jáde ìgè ni, ẹni tó dojú bolẹ̀ wá Àjàyí ni, ìbejì ò nílò ìpàdé ẹbí kó tó jẹ́ Táíwò. Nínú àkọsílẹ̀ orúkọ tí ìjọba tuntun máa ń fi ránṣẹ́ náà, ẹ ò ní ṣàì rí àmútọ̀runwá, àfi pé ọ̀run tiwọn kì í jìnnà jù, ó lè jẹ́ Abùjá, ó lè jẹ́ ilé aṣáájú ẹgbẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ìyẹn ní nǹkan kan.

Èyí tó dùn mí jù ni pé orúkọ máa ń dé kí iṣẹ́ tó dé. Nílé Àyàn, orúkọ àti iṣẹ́ jọ ń rìn ni, ẹni tó bá jẹ́ Àyàn gbogbo ayé mọ ohun tí ọwọ́ ẹ̀ máa dì mú. Ní 2023, ọjọ́ 27 oṣù keje ni orúkọ 28 àkọ́kọ́ nínú àwọn tí Ààrẹ Tinubu fẹ́ fi ṣe mínísítà dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà l'Ábùjá, wọ́n fi kún un títí ó fi di 48, ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ wọ́n fọwọ́ sí 45, wọ́n ní kí 3 dúró ná. Àkọsílẹ̀ yẹn ò sọ ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, tí àyẹ̀wò ti parí, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín iṣẹ́. Délé Àlàkẹ́ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ ti fọkàn sí i pé ilé iṣẹ́ ìròyìn ni torí ó ti ṣe kọmíṣọ́nnà ìròyìn l'Ékòó rí, àfi ìgbà tá a gbọ́ ìwakùsà. (Fáyẹmí náà, ìwakùsà ni wọ́n fún un ní 2015, àbí wọ́n rí wúrà kan nílẹ̀ Èkìtì tí wọn ò tíì sọ fún wa ni?) Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bi ẹnì kan ní ìbéèrè gidi nígbà tí ò mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn ló ń lọ àbí oko? Ó di dandan kí wọ́n bi í ní ọdún tó jáde ní yunifásítì.

Ti ọjọ́ náà ní ìtumọ̀. Ọmọ kì í pé níta jù láìlórúkọ, tí ẹbí bá dákẹ́, aládùúgbò á sọ ọ́ ní tiwọn, orúkọ yẹn á sì mọ́ ọn lórí. Ìwé òfin mọ èyí: tí Ilé bá gba orúkọ tí ò fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21, ẹni yẹn ti di kọmíṣọ́nnà nìyẹn. Ìjọba gan-an ló máa ń pẹ́ jù. Ní 2015, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni Buhari búra, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá làwọn mínísítà ẹ̀ tó búra, ìyẹn lé ní oṣù márùn-ún tí ọmọ fi wà láìlórúkọ. Àtúnṣe òfin ti 2023 ló wá fún ààrẹ àti gómìnà ní 60 ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti búra kí wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́.

Ta wá ni ilé, lọ́jọ́ tí wọ́n ń wò ó? Àwa ará Èkìtì ti rí tiwa lórí ìyẹn. Oṣù kọkànlá 2014, nígbà ìjọba Fáyọ̀ṣe, aṣòfin méje nínú àwọn 26 ló jókòó tí wọ́n fọwọ́ sí orúkọ àwọn kọmíṣọ́nnà. Òfin sì ní ìdá kan nínú mẹ́ta ni kó pé kí ìjókòó tó dúró, ìyẹn ò lè dín ní 9. Ariwo yẹn pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n méjì bá sọmọ lórúkọ nígbà tí gbogbo ilé wà lóko, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa rí tí wọ́n bá dé.

Àbúrò mi tún bi mí pé ṣé tẹríba náà ni "take a bow". Lẹ́nu ṣá, ó jọ ọ́. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó tẹríba ti gbà pé ẹnì kan lágbára láti bá òun wí, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ọmọ tó bá tẹríba ti múra láti gbọ́ ohun tí bàbá ẹ̀ fẹ́ sọ. Òyìnbó tó ni take a bow, eléré orí ìtàgé ló ń sọ ọ́ fún, tó bá ṣeré tán tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ló ń tẹ orí ba kó tó wọlé lọ. Ọ̀gbẹ́ni inú rédíò yẹn ti gba àtẹ́wọ́, ó ti tẹríba, ó ti wọlé lọ, eré ò tíì bẹ̀rẹ̀.