Igún ń kọ́ ìtẹ́ sórí àràbà ẹ̀yìnkùlé wa: ṣé kí a gé e?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Igún méjì ń bà sórí àràbà ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, wọ́n sì ń kó igi wẹ́wẹ́ jọ síbẹ̀. Ìgbẹ́ wọn ń já lu aṣọ tí a bá sá. Ìyá ọkọ mi ní ẹyẹ ibi ni, kí a pe agégi. Ṣé kí a gé e?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e. Ìtẹ́ ni wọ́n ń kọ́. Ẹyin kan ṣoṣo ni irú igún tí a ń rí nígboro yìí máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì tó bí oṣù márùn-ún kí ọmọ tó lè fò. Bí igi bá wó láàárín ìyẹn, ọdún yẹn ti ṣòfò fún tọkọtaya náà.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Àwọn àgbà kan náà ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Òkú ẹran àti pàǹtí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ló ń wá kiri. Ní Íńdíà, nígbà tí oògùn ìrora diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù pa igún wọn lọ rẹpẹtẹ láàárín àwọn ọdún 1990, ajá ìgboro ló gba òkú ẹran jẹ, ewu dìgbòlugi sì pọ̀ sí i.

Ní tiwa níbí, májèlé ló ń pa wọ́n. Àwọn kan á po oògùn apakòkòrò mọ́ ẹran, wọn á jù ú kalẹ̀, wọn á sì ṣa òkú igún lọ tà fún lẹ́kulẹ́ja. Ní Guinea-Bissau, ó lé ní 2,000 tó kú báyẹn ní 2020. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ láìlórí. Láti 2015 ni àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá lágbàáyé, ti ka irú igún yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n run tán. Èmi oníṣègùn ẹran tún ń wo apá kejì: májèlé yẹn ṣì wà nínú ẹran ẹyẹ náà. Ẹni tó fi í ṣe àgúnmu, kí ló rò pé òun ń lá?

Ní ti aṣọ, ẹ gbé okùn síwájú ilé, kí ẹ sì bo tánkì omi. Ẹ má fi májèlé dẹ eku síta. Bí ẹ̀ka kan bá ń halẹ̀ mọ́ òrùlé, ẹ jẹ́ kí ọmọ fò tán, kí wọ́n gé ẹ̀ka yẹn nìkan. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń ju ẹran sídìí àràbà náà, ẹ má fọwọ́ kan ẹran náà. Àjọ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ni kí ẹ fi tó létí.