Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ju fóònù lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀pẹ́ là ń gbé, ní Papa. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbíkẹ́yìn jẹ́ 5. Tí wọ́n bá ti tilé ìwé dé báyìí orí fóònù mi ni, kátúùnù lórí kátúùnù, tí bátìrì bá kú wọ́n á kàn sùn sílẹ̀ bí ẹni tára ẹ̀ ò yá. Ìyá ọkọ mi ń ta ẹja lọ́jà Olúwo o, síbẹ̀ ọmọ mi ọkùnrin rí akàn nínú abọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó figbe ta, ó sá jáde ní kíṣìnì. Bàbá wọn ní ká kó wọn lọ sọ́gbà ẹranko tó wà ní Lekki, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé èèyàn márùn-ún ò sí. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọgbà Lekki yẹn dáa, láti 1990 ló ti wà, afárá orí igi tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ní 2015 gùn tó mítà 401, lọ́jọ́ tówó bá wà kẹ́ ẹ lọ, ọ̀bọ máa wá bá wọn lójú ọ̀nà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ẹ̀pẹ́, nǹkan táwọn ará Ìkẹjà ń wọkọ̀ wá wò, òun lẹ jí bá lẹ́nu ọ̀nà yín yẹn.

Ìyá àgbà ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ẹ ní kí wọ́n máa mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn dání lọ s'Olúwo láàárọ̀ Sátidé, ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan o, kì í ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí tí wọ́n bá pọ̀ eré ni wọ́n máa ṣe, màmá ò sì ní rí ọjà tà. Kó rí epìyà tó ní ìpẹ́ lára, kó rí àrọ̀ tí ò ní ìpẹ́ rárá àmọ́ tó ní irùngbọ̀n, kó béèrè ìdí. Èyí tó ń bẹ̀rù akàn yẹn, òun gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán lọ. Kí màmá fi hàn án pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń mú akàn, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ò ti lè dé, kí wọ́n wá dojú ẹ̀ sókè: nǹkan kan wà tó ká mọ́ ọn níkùn bí ìdérí, ti akọ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ti abo fẹ̀ gan-an torí abẹ́ ẹ̀ ló ń gbé ẹyin ẹ̀ sí. Ọmọ tó bá ti lè fúnra ẹ̀ sọ pé akọ nìyí abo nìyí, ẹ̀rù yẹn ti ń tán nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹ wá igi ọ̀pẹ tàbí àgbọn tí ẹyẹ ẹ̀gà ń pariwo lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀. Akọ ló ń hun ìtẹ́ yẹn, á fẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á máa hun ún títí, tó bá parí á dorí kodò níbẹ̀ á máa gbọn apá, á máa pe abo. Abo á wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á bá tiẹ̀ lọ, tó bá pẹ́ tí abo kankan ò gbà á, akọ á fúnra ẹ̀ tú ìtẹ́ náà palẹ̀, á tún òmíì bẹ̀rẹ̀. Kátúùnù wo ló tún jùyẹn lọ?

Ọ̀rọ̀ ìlera náà wà ńbẹ̀ o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́ ṣe eré tó ń mú kí ọkàn lù kìkì. Ojú ńkọ́? Ọmọ tó ń wà níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dáadáa, kì í tètè ní àìsàn àìrí-ọ̀ọ́kán. Láti 2010 ni wọ́n ti ń ní káwọn ọmọ ilé ìwé máa wà níta fún wákàtí méjì lójúmọ́ ní Taiwan nítorí ojú yìí, iye àwọn tójú wọn ń bà jẹ́ sì lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó le díẹ̀: tẹ́ ẹ bá jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ yẹn tẹ́ ẹ wá ń tẹ WhatsApp, iṣẹ́ yín ti bà jẹ́. Ẹ fi fóònù sílé.

Ìbéèrè: Mà, Ìkòròdú ni mo wà, lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ràn omi, ìyàwó mi ní àtọ̀sí ajá máa mú un, kó má tiẹ̀ dé etí odò rárá. Ta lẹ máa dá láre? Bàbá Àmínà.

Ìdáhùn: Ìyàwó yín jàre ní ìdajì. Kòkòrò àtọ̀sí ajá ń gbé nínú ìgbín kéékèèké tó wà nínú omi tí kì í ṣàn dáadáa, tó bá jáde á gba ara èèyàn wọlé láìjẹ́ pé ẹni náà mu omi yẹn, tó bá yá onítọ̀hún á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà kò gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kíá, oògùn tí wọ́n ń pè ní praziquantel ló ń wò ó, ẹ má lọ máa fún un ní àgbo.

Àmọ́ kó má dé etí odò rárá kẹ̀? Rárá o. Ẹ wọ bàtà fún un, kẹ́ ẹ jọ lọ, kó ju ìwọ̀ sómi látorí jẹ́tì, kó wo àwọn tó ń fi àwọ̀n pẹja. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ẹ wọ life jacket fún un kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀, kódà bí ọkọ̀ náà ò bá ní jìnnà. Kó má dá lọ láéláé, àgbàlagbà tó mọ̀wẹ̀ ló yẹ kó wà pẹ̀lú ẹ̀.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹkéré ni gbogbo ilé tá a háyà, kò síbi tí erùpẹ̀ wà. Báwo lọmọ mi ṣe máa gbin nǹkan? Adúnní, Badagry.

Ìdáhùn: Bọ́kẹ́ẹ̀tì páǹtì àlòkù, ẹ dá ihò sí ìdí ẹ̀, ẹ bu erùpẹ̀ dúdú sí i. Kóró ewédú ni kẹ́ ẹ gbìn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dì í sínú aṣọ kẹ́ ẹ rì í bọnú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kẹ́ ẹ yọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ní hù. Kí ọmọ máa bomi rin ín láràárọ̀. Tó bá tó já, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó já a.