Ọgbẹ́ inú ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò tún jẹun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ń rù sí i láti bí oṣù mélòó kan. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní inú òun ti kún, á tún ní òun sanra jù. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbí ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, ó sì ti lo oògùn tán. Ṣé kí n máa fi iyán há a lẹ́nu kó lè tètè sanra? Ṣé yóò lè bímọ lọ́la?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọgbẹ́ inú lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í mú ọmọ tó rù hangogo máa ní òun sanra. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi fura sí anorexia nervosa, àìlera ọpọlọ tí ìbẹ̀rù sísanra fi ń borí ebi. Oríkunkun kọ́ o. Àìsàn méjì lè wọ ara ẹnìkan pọ̀. Bí a ti rí ọ̀kan, a ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dẹ́kun wíwá èkejì. Àti pé irọ́ kọ́ ló ń pa bó bá ní inú òun kún. Bí ebi bá ti pa ara pẹ́, oúnjẹ á máa falẹ̀ nínú ikùn kó tó wọ ìfun. Jíjẹun déédéé ló ń tún ìyẹn ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi iyán há a lẹ́nu. Mo mọ bí a ti ń fi iyán ṣìkẹ́ ẹni ní Èkìtì, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ púpọ̀ bá ya wọ ara tí ebi ti pa pẹ́, èròjà phosphate inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, kí ọkàn sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni, ti Adó tàbí ti Ìdó, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ wò, kí wọ́n tó máa fi kún oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n wo ikọ́ ife àti àtọ̀gbẹ pẹ̀lú, torí àwọn náà ń mú ènìyàn rù. Bó bá dákú, tàbí tó ní ayé sú òun, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ní ti ọmọ bíbí, nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ wọn máa ń padà bí ara bá ti padà. Egungun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọjọ́ orí rẹ̀ yìí gan-an ni egungun ń le. Èyí tó bá sọnù báyìí lè má padà tán, kó wá máa tètè ṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ má ra oògùn tí ń mú nǹkan oṣù wá fún un. Ẹ̀jẹ̀ lè wá lóòótọ́, egungun ò ní torí ẹ̀ le.

N ò ní fi pamọ́ fún yín, àìsàn yìí ń pa ènìyàn, ó sì ń pẹ́ lára. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ní in fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ní ọdún kẹsàn-án, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ti yá. Nígbà tó fi máa di ọdún 22, wọ́n ti sún mọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀ lọ́dún yìí, ẹ má torí ẹ̀ dá ìtọ́jú dúró.

Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò ọgbẹ́ inú yẹn dání lọ. Ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ń ní òun sanra jù, torí òun fúnra rẹ̀ lè má sọ ọ́.